Àtẹ Ìdílé Ọba Lára Ògiri Oyèníran

Àtẹ náà gùn ju ilẹ̀kùn lọ. Ọjà Bury ni Oyèníran ti rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta férémù àtijọ́, ọkùnrin náà sì rò pé férémù ni oníbàárà òun fẹ́. Nígbà tí Oyèníran délé ní Ardwick, ní Manchester, ó yọ férémù náà sọnù nítorí kòkòrò ti jẹ ẹ́, ó sì lẹ ìwé tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ògiri pálọ̀. Ìdílé àwọn ọba Yúróòpù àti àwọn ìjòyè wọn ni wọ́n tẹ̀ sí i, láti nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn títí dé àkókò ogun Kaiser, ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Bí o bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, bí èèrà ni orúkọ wọn ṣe rí.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni Oyèníran ń ṣe ní ilé ìfọṣọ ọsibítù kan ní Chorlton-on-Medlock. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka irú àtẹ bẹ́ẹ̀. Bó ṣe kọ́ ẹ̀rọ náà ló ṣe kọ́ ọ: ó wá ibi tí iná ti ń wọlé, ó tẹ̀ lé e títí dé ibi tó ti ń jáde. Ìlà tó sọ̀ kalẹ̀ ni ọmọ. Ìlà méjì tó so orúkọ méjì pọ̀ ni ìgbéyàwó. Asà kékeré tí wọ́n kùn ní ọ̀dà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ni àmì ilé tí wọ́n bí ẹni náà sí. Asà yìí ló dùn mọ́ ọn jù. Bí wọ́n bá mú ọmọbìnrin kan láti Jámánì lọ fún ọba Rọ́ṣíà, orúkọ rẹ̀ lè yí padà, ìjọ rẹ̀ náà lè yí padà, ṣùgbọ́n asà ilé bàbá rẹ̀ á máa bá a lọ síbi yòówù kó lọ.

Ìlà kan tún wà tó kọ́kọ́ rú u lójú. Kì í ṣe ìlà gidi, àmì wẹ́wẹ́ ni wọ́n tò tẹ̀ léra. Ó lọ bèèrè ní láíbìrì kó tó mọ̀ ọ́n. Bí ọmọ ọba bá fẹ́ obìnrin tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀, aya rẹ̀ ni lóòótọ́, àwọn ọmọ tó bá bí kì í ṣe ọmọ àlè, ṣùgbọ́n wọn ò ní jẹ oyè.

"Ọmọ ilé ni wọ́n, wọn kàn kì í ṣe ọmọ oyè," ó ṣàlàyé fún Monísọ́lá, ìyàwó rẹ̀.

"Ẹ bá mi kí wọn o," ni Monísọ́lá dáhùn láti kíṣìnì. "Bí ẹ bá rí èyí tó lè bó iṣu nínú wọn, ẹ rán an sí mi."

Fọ́tò bàbá Oyèníran wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ náà lára ògiri kan náà. Àjàní ni orúkọ rẹ̀, ó ti kú tipẹ́. Ó jókòó sórí àga, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ilà ojú rẹ̀ hàn kedere. Oyèníran ní ìdí láti máa wo fọ́tò yẹn lọ́dún 1988. Mọ́gàjí, olórí agboolé wọn ní Ìbàdàn, agboolé Ògúndáre, ti kú, àwọn àgbà sì ti ránṣẹ́ pé ẹ̀ka Àjàní ló kàn. Òun ni àkọ́bí Àjàní. Ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé òun ò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó ti ya àwòrán ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi láti inú kànga agboolé sókè sínú táǹkì, kí àwọn ìyá àgbà yéé fi okùn fa omi. Gbogbo páìpù ló ti wọ̀n sórí ìwé.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà ni Níkẹ́, ọmọbìnrin wọn, mú ọkọ wálé. Manchester ni wọ́n bí Níkẹ́ sí, òun nìkan ni wọ́n bí. Orúkọ ọmọkùnrin náà ni Súnkànmí, ó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì, yóò sì padà sílé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó fẹ́ mú ìyàwó lọ. Philip, àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń ta bàtà ní Bury, ló tẹ̀ lé e wá.

Súnkànmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi," ni Monísọ́lá wí. "Kápẹ́ẹ̀tì yẹn tutù."

"Màmá, ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀," ni Philip wí. "Ẹni tó ń wá ìyàwó, òtútù kì í mú un."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹun, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn ní ohun tí àwọn àgbà máa ń bèèrè: ìlú wo, agboolé wo, níhà bàbá, níhà ìyá. Òṣogbo ni ilé bàbá Súnkànmí. Kò sí wàhálà níbẹ̀.

"Ìyá rẹ̀ ńkọ́?" ni Oyèníran bèèrè.

"Gold Coast ni wọ́n bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sí," ni Philip dáhùn. "Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i, ọmọ Ìbàdàn ni. Sàdíátù ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ ló mú un rìnrìn àjò."

"Agboolé wo n'Ìbàdàn?"

"Agboolé Ògúndáre."

Monísọ́lá gbé ojú sókè. Oyèníran rọra gbé ife tíì rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ló bí Sàdíátù yìí?"

"Ògúndáre gan-an ni. Mo máa ń gbọ́ ọ tí màmá náà ń sọ ọ́. Kí ló dé?"

Oyèníran ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan lóbìnrin tí kò fojú rí rí, tó bá ọkọ lọ sí Gold Coast kí wọ́n tó bí òun.

"Ògúndáre ni bàbá bàbá mi," ó ní.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀!" Philip fi ọwọ́ lé orí. "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

Kò sí ohun tó ṣòro nínú ìṣirò náà. Sàdíátù àti Àjàní jẹ́ ọmọ bàbá kan, Súnkànmí àti Níkẹ́ sì jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Philip bẹ̀bẹ̀ fún ìjókòó tó bàjẹ́, ó mú Súnkànmí, wọ́n lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Níkẹ́ kò sunkún. Ó lọ dúró síwájú àtẹ, ó sì fi ìka tọ ọ́.

"Daddy, ẹ wò ó. Queen Victoria fẹ́ ọmọ àbúrò ìyá ẹ̀. First cousin! Ẹ̀yin lẹ fi hàn mí. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn tún fẹ́ ara wọn káàkiri. Kò sẹ́ni tó lé wọn jáde nílé. Wọ́n fi wọ́n sórí owó."

"Àlbáàtì ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀," ni Oyèníran wí. "Ẹ̀gbọ́n lọ́kùnrin, kì í ṣe àbúrò."

"Daddy!"

"Mo gbọ́ ọ. Wá wo ọba Sípéènì yìí náà." Ó mú ìka rẹ̀ lọ síbẹ̀. "Bàbá rẹ̀ fẹ́ ọmọ àbúrò ara rẹ̀. Tẹ̀ lé ìlà yẹn. Bàbá bàbá rẹ̀ nìyí. Ó dáa. Wá tẹ̀ lé ti ìyá rẹ̀. Ta ni bàbá ìyá ìyá rẹ̀?"

Níkẹ́ tẹ̀ lé e. Ìka rẹ̀ padà síbi tó ti kúrò.

"Ọkùnrin kan náà," ó ní.

"Ọkùnrin kan náà. Wò ó nísàlẹ̀ orúkọ ọba yẹn báyìí. Kò sí ìlà kankan tó sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

"Àwa ò sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni mo ṣòfin. Bí ìyá Súnkànmí bá gbọ́, kò ní jókòó níbi ìgbéyàwó yín. Ṣé o fẹ́ lọ gbé ní Òṣogbo láìsí i?"

Níkẹ́ wọ yàrá rẹ̀. Kò ti ilẹ̀kùn gbà-gbà, èyí sì dun Oyèníran ju kó tì í lọ.

Ó dúró síbẹ̀. Ojú rẹ̀ ń ti asà kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀kan aláwọ̀ pupa, ọ̀kan oníkìnnìún, gbogbo wọn ń tẹ̀ lé àwọn aya lọ sí ìlú àjèjì. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ bọ́ sórí fọ́tò. Pélé ni Àjàní kọ, mẹ́ta tó dúró gbọọrọ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àbàjà ni wọ́n ń kọ ní agboolé Ògúndáre. Àbàjà ló wà lójú gbogbo àbúrò Àjàní tí Oyèníran mọ̀, ó sì wà lójú Mọ́gàjí tó kú. Nígbà tó wà ní kékeré, ó bi ìyá rẹ̀ ìdí tí ti bàbá fi yàtọ̀. Ìyá rẹ̀ ní kó lọ da omi sí ewúrẹ́. Kò bèèrè mọ́ láti ìgbà náà, ó sì ti ń kọjá lára fọ́tò náà fún ọ̀pọ̀ ọdún bí ẹni tó ń kọjá lára aago tó ti kú.

Ìkókó ni wọ́n máa ń kọlà fún, bàbá tó bí i ló sì ń pe olóólà. Ẹni tó bá wọ ilé kan pẹ̀lú ilà ilé mìíràn lójú, wọn kò bí i sílé náà.

Ó gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ó fi í rán ọmọ iléèwé kan tó ń lọ sílé. Bàbá Akínlóyè ló rán an sí, ẹni tó dàgbà jù ní agboolé, tó ń di ilé mú títí Mọ́gàjí tuntun yóò fi dé. Ó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Níkẹ́ fún un, ó sì béèrè nípa pélé. Èsì dé nínú oṣù kẹfà. Òun àti Monísọ́lá jókòó gbọ́ ọ. Àkùkọ ń kọ lẹ́yìn ohùn bàbá náà.

"Oyèníran, ọmọ mi, a kì í béèrè irú èyí nínú ilé yìí, ṣùgbọ́n ìwọ náà ti di àgbà. Òótọ́ ni. Ọkọ àkọ́kọ́ ìyá bàbá rẹ kú kí Ògúndáre tó fẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ni bàbá rẹ wà tó fi wọlé wa, pélé ti wà lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọ wa ni, kò sẹ́ni tó yà á sọ́tọ̀ rí. Tóò. Bí o bá jẹ́ ọmọ wa, fìlà Mọ́gàjí ń dúró dè ọ́, ọmọ rẹ àti ọmọ-ọmọ Sàdíátù kò sì lè fẹ́ra. Bí o bá ní wọn ò bí bàbá rẹ sílé yìí, kí wọ́n fẹ́ra wọn, èmi fúnra mi ni n ó lọ sọ fún ìyá ọkọ. Ṣùgbọ́n n kò lè dé fìlà ilé wa fún ẹni tó ní òun ò ti ilé wa wá. Ọ̀kan ni kó o mú. Má ko méjèèjì wá bá mi. Kí Monísọ́lá fún mi."

Kásẹ́ẹ̀tì náà tán, ó pa ara rẹ̀.

"Bàbá yìí gbọ́n," ni Oyèníran wí.

"Ó gbọ́n jù," ni Monísọ́lá wí. "Bàbá Níkẹ́, àwọn ọba orí ògiri yín ńkọ́? Ṣé ẹnikẹ́ni fi oyè sílẹ̀ rí nínú wọn?"

"Ó pọ̀. Ṣùgbọ́n nítorí ìyàwó tí àwọn fúnra wọn fẹ́ ni."

"Ẹ̀yin ti fẹ́ tiyín," ni Monísọ́lá wí, ó dìde lọ gbé omi tíì kaná.

Lọ́jọ́ Sátidé, Oyèníran ní kí Philip àti Súnkànmí padà wá. Ó ti gé bébà kan tí wọ́n fi ń lẹ ògiri, ó ya àtẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀ bí àwọn ará Yúróòpù ṣe ń yà á. Ògúndáre wà lókè. Ìlà gidi sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ Sàdíátù, ó dé ọ̀dọ̀ ìyá Súnkànmí, ó dé ọ̀dọ̀ Súnkànmí. Láti ọ̀dọ̀ Ògúndáre sí Àjàní, àmì wẹ́wẹ́ ni. Ó ya àbàjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kan, ó ya pélé sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ó sì gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ sórí tábìlì.

Philip wò ó pẹ́. Ó fi gíláàsì rẹ̀ sójú, ó tún wo fọ́tò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń sọ lójú èmi tí mo jẹ́ àna?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Súnkànmí sọ fún mi pé ẹ̀yin ni Mọ́gàjí kàn."

"Ó ti kan ẹlòmíràn."

Níkẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Ó kọ́kọ́ wo àtẹ, ó wá wo bàbá rẹ̀. Ó mọ ohun tí àmì wẹ́wẹ́ túmọ̀ sí, nítorí òun náà ti gbọ́ àlàyé rẹ̀ títí ó fi sú u.

"Daddy, èmi ò ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀."

"Mi ò bi ọ́," ni Oyèníran wí. "Mú ife wá fún àwọn àlejò."

Philip bọ́ gíláàsì rẹ̀. Ó wo Súnkànmí. "Kí lò ń wò?" ó ní. "Dọ̀bálẹ̀!"

Súnkànmí dọ̀bálẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Oyèníran gbé rẹ́díò oníkásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, ó sì tẹ bọ́tìnnì méjì tí wọ́n fi ń gba ohùn pọ̀. Gbogbo kásẹ́ẹ̀tì tó ti rán sílé rí, ọ̀nà kan ló ń gbà bẹ̀rẹ̀ wọn: Èmi Oyèníran, ọmọ Àjàní, ọmọ Ògúndáre.

"Èmi Oyèníran," ó ní, "ọmọ Àjàní."

Ó jẹ́ kí téèpù yí díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kí bàbá náà, ó kí àwọn ìyá àgbà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí bàbá náà lọ jíṣẹ́ fún ìyá Súnkànmí. Nígbà tó kù díẹ̀ kí apá kan kásẹ́ẹ̀tì náà tán, ó fa àwòrán ẹ̀rọ omi súnmọ́ ara rẹ̀. Inú àpòòwé kan náà ni yóò kó wọn sí.

"Mo fi àwòrán kan sí i," ó ní. "Fún kànga ni. Ẹ fún ẹni tó bá jẹ Mọ́gàjí. Páìpù tó wọ inú kànga ni kó tóbi jù, èyí tó ń lọ sí táǹkì lè kéré. Kí wọ́n sì rí i dájú pé wọ́n rọ omi kún inú ẹ̀rọ náà kí wọ́n tó tan án. Bí ó bá gbẹ, kò ní fa nǹkan kan."