Ẹ̀wà Tí Kinue Pa Tì

Ní abúlé wọn ní Akita, bí yìnyín bá ti bo òrùlé, ohùn ènìyàn a máa dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú òwú. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn dókítà ṣe ń dún létí Kinue, ìyá àgbà tó yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà, tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ sì dá.

Dókítà fi àwòrán inú ara rẹ̀ hàn án. Egungun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí afárá tí wọ́n ti fún oyin inú rẹ̀ tán. Ìlà funfun kan sì ń tàn lára iṣan ńlá tó ti ọkàn rẹ̀ jáde.

"Ẹfun tó ń mú egungun le ni, ìyá. Nígbà tí egungun bá ń pàdánù rẹ̀, ara iṣan ẹ̀jẹ̀ la máa ń bá a nígbà mìíràn. Ẹni tí egungun rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ ká wo ọkàn rẹ̀ náà."

Ó fún un lóògùn, ó ní kó máa rìn, kó sì máa jẹ natto, ẹ̀wà sóyà tó ń yọ̀, tó ń rùn bí irú, tó sì lè ran ẹfun lọ́wọ́ láti padà sínú egungun.

Ta ló mọ natto ṣe tó Kinue? A se ẹ̀wà títí á fi rọ̀, a dì í ní gbígbóná sínú koríko ìrẹsì, a fi aṣọ ìbora wé e bí ọmọ tuntun. Ohun tó wà lára koríko á sì sọ ọ́ di yíyọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà ti fi ìlẹ̀kùn irin kékeré tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá sínú ọkàn Tatsuzo, ọkọ rẹ̀. Natto a máa ba oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dì jẹ́, bẹ́ẹ̀ bàbá náà fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran lọ. Kinue bá a pa á tì, kí òórùn rẹ̀ má bàa tàn án lọ sọ́run.

Nígbà tó délé, ó ní dókítà kò sọ nǹkan kan. Tatsuzo wo ojú rẹ̀ títí ó fi jẹ́wọ́. Ni bàbá bá lọ ṣa koríko. Ìyàwó jókòó tì í, ó ń darí rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀wà lẹ ń dì ni, àbí olè lẹ ń dè?"

Nígbà tí natto náà ṣe tán, Kinue kọ̀, kò tú u. Ó ní bí bàbá bá tọ́ ọ wò ńkọ́? Tatsuzo rò ó. Ó gbé àwo ìrẹsì tirẹ̀, ó bora, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ti ìlẹ̀kùn mọ́ mi."

Kinue tì í. Ó ro ẹ̀wà náà, okùn rẹ̀ ń ta nínú oòrùn òwúrọ̀ bí òwú aláǹtakùn.

"Ṣé ó ń yọ̀?" ni ohùn bi í láti ìta.

"Ó ń yọ̀."

"Jẹ ẹ́ tán, òtútù ń mú mi."

Kinue gbé àwo sẹ́nu.