Ìdánwò Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògiri Pákó

"Di ìdí rẹ̀ mú! Má jẹ́ kó yẹ̀!"

Káfíńtà gbé òòlù sókè, ó kan ìṣó mọ́ òpó kẹrin, ariwo náà sì gba gbogbo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ náà kan. Ọmọbìnrin rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di ìsàlẹ̀ pákó mú. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, àmọ́ Ìyá Àgbà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí pé kì í kánjú sí ohunkóhun. Lọ́la ni ilé-ẹ̀kọ́ yóò wọlé. Kí agogo méjì ọ̀sán òní tó lù, ògiri pákó gbọ́dọ̀ ti la yàrá ńlá yìí sí méjì. Ọgbọ̀n ọmọ tí wọ́n ní orí wọn pé jù yóò wà níwájú, níbi tí pátákó ìkọ̀wé àti fèrèsé mẹ́rin wà. Àwọn mọ́kànléláàádọ́ta yòókù yóò wà lẹ́yìn.

"Bàbá," ọmọ náà ní, "ibi tí mo dúró sí yìí gan-an ni màá máa jókòó."

"Ibo?"

"Ẹ̀yìn níbí. Mo rí orúkọ mi lára ilẹ̀kùn."

Òòlù dúró lókè. "Ìwọ? Ta ló fi ọ́ sẹ́yìn?"

"Ẹni tí kò bá ṣe ìdánwò, ẹ̀yìn ló ń lọ. Ọjọ́ tí a lọ so ilẹ̀kùn ilé dókítà ni wọ́n ṣe é. Mo sọ fún yín pé ìdánwò wà."

Ó sọ fún un lóòótọ́. Ẹni tó ń bá Káfíńtà ṣiṣẹ́ kò wá láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì sí ẹni tí yóò bá a gbé apá kejì ilẹ̀kùn náà. Ó ti dá ọmọ lóhùn pé, "Ìdánwò ò lè tán láyé. Gbé e níbẹ̀ yẹn." Ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ègé igi kan ṣòfò, tó ń na ìṣó tó bá wọ́ kó lè tún un lò, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ da ọdún kan ọmọ rẹ̀ nù. Àfọwọ́fà gbáà ni.

Ó tún gbé òòlù, ó sì fi lu àtàǹpàkò ara rẹ̀. Ó pòṣé, ó jáde.

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ àti olùkọ́ ìṣirò jókòó sí ọ́fíìsì, wọ́n ń fa ìlà sí ìwé ìpè-orúkọ.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ọmọ mi ò ṣe ìdánwò yín. Èmi ni mo jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kó ṣe é báyìí."

Ọ̀gá wo aago. "Káfíńtà, ṣé ẹ ti parí ògiri ni?"

"Ó ku pákó méjìlá."

"Ẹ lọ parí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lé ọmọ yín. Ẹ̀yìn kì í ṣe ọ̀run àpáàdì."

"Bí kì í bá ṣe ọ̀run àpáàdì, ẹ kó àwọn ọgbọ̀n yẹn lọ síbẹ̀, kí àwọn yòókù bọ́ síwájú."

Olùkọ́ ìṣirò, ọmọge tí kò tíì lò ju ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, fi ìwé bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pín wọn. Bí mo bá kọ́ wọn ní nǹkan lẹ́ẹ̀kan, àwọn kan ti mọ̀ ọ́n. Kí n tó kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti sùn, tàbí kí wọ́n máa ju bébà lu ara wọn. Àwọn mìíràn ò sì tíì gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Èmi nìkan ni. Kò sí èyí tí mò ń tọ́jú dáadáa nínú wọn."

"Mo gbọ́. Èmi náà máa ń ṣa igi. Èyí tó tọ́ wà fún ojú tábìlì, èyí tó wọ́ wà fún abẹ́. Ṣùgbọ́n igi tí mò ń ṣà ti kú. Ọmọ ṣì ń dàgbà."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ogójì ìbéèrè, ogójì ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá gba ọgbọ̀n nínú ogójì ló ń wá síwájú. Ìwọ̀n tí a fi wọn àwọn yòókù la máa fi wọ̀n ọ́n. Inú yàrá tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ yẹn ló sì ti máa ṣe é, torí àwọn yàrá tó kù ti wà ní títì. Agogo méjì ò yẹ̀ o! Alábòójútó àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń bọ̀ wá wo ògiri yẹn."

"Kò ní yẹ̀."

Ìgbà tí ọmọ jókòó ti bébà, tí olùkọ́ gbé aago sórí tábìlì, ni Káfíńtà tó rí wàhálà tó fà lẹ́sẹ̀. Bó bá ń kan ìṣó, báwo lọmọ ṣe fẹ́ ronú? Bó bá sì káwọ́ gbera, agogo méjì yóò bá ògiri ní ìhòòhò. Ó tú àpò rẹ̀. Sùkúrúù wà níbẹ̀, ìṣó tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí wọlé, tí kì í pariwo. Ó kó mẹ́fà sẹ́nu kó má baà lè sọ̀rọ̀, ó gbé pákó lé òpó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i.

Igi náà le. Ó yí, ó yọjú wo ọmọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti lọ, ìbéèrè keje ló wà. Ó tún yí. Ọmọ náà ṣe ìṣirò kan tán, ó tún padà sí ìsàlẹ̀, ó ń ṣe é bọ̀ sókè láti mọ̀ bóyá ó tọ́. Ta ló kọ́ ọ? Bàbá rẹ̀ ni. Àtìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà ló ti ń sọ fún un pé ẹni tí kò bá tún iṣẹ́ rẹ̀ wò, ẹlòmíràn ni yóò bá a wò ó. Káfíńtà ń bẹ̀ ẹ́ nínú ọkàn pé kó máa yára, kó máa yára! Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Ó fi aṣọ wé e, ó mú pákó mìíràn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbélẹ̀ lójú kan.

"Ó tó," olùkọ́ ní.

Káfíńtà tu sùkúrúù tó kù sọ́wọ́. Ọ̀gá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Olùkọ́ fi bírò yẹ bébà wò láti òkè délẹ̀, ó tún padà sókè.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n."

Káfíńtà sún mọ́ tábìlì, olùkọ́ sì na bébà sí Ọ̀gá.

"Méjìdínlọ́gbọ̀n náà ló ṣe, Mà. Kò dé orí méjìlá tó kù. Kò ṣi ẹyọ kan."

"Nínú àwọn ọgbọ̀n wa, ta ni kò ṣi ẹyọ kan?" Ọ̀gá bi í.

"Kò sí, Mà." Olùkọ́ rẹ ohùn sílẹ̀. "Méjì péré ló kù. Ẹ jẹ́ ká fi kún un."

"Ẹ má fi kún un," Káfíńtà ní. "Ohun tí kò ṣe, kò ṣe é."

"Mo mọ ìkọkàndínlọ́gbọ̀n o," Ìyá Àgbà dá sí i. "Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni ẹ ní ó tó."

Ọ̀gá mi orí. "Ọgbọ̀n ni ọgbọ̀n ń jẹ́. Ẹ̀yìn ló máa wà."

"Ó dáa. Ọmọ tó bá jókòó sẹ́yìn, ìgbà wo ló tún máa ṣe ìdánwò?"

Ọ̀gá yíjú sí olùkọ́. Olùkọ́ ń wo ilẹ̀.

"Hẹn-ẹn! Ẹ ti ra pákó, ẹ ti pè mí, ẹ ti lẹ orúkọ mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ò tíì ro ọ̀nà tí ọmọ máa gbà kúrò níbi tí ẹ fi í sí."

"Òpin sáà kọ̀ọ̀kan," olùkọ́ sáré sọ. "Gbogbo wọn, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́ẹ̀mejì ni màá ṣe é, ọ̀kan pẹ̀lú aago, ọ̀kan láìsí aago. Ẹni tó bá jẹ́ aago ló ń dà á láàmú, a ó mọ̀ ọ́n. Mà, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀gá rò ó wò. "Kó rí bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Káfíńtà! Ṣé ẹ ò gbà wá gbọ́ ni?"

"Mo gbà yín gbọ́, Mà. Ẹnu ló máa ń gbàgbé."

Ọ̀gá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ sí i lẹ́nu. Ó gba bírò lọ́wọ́ olùkọ́, ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn, ó sì fọwọ́ sí i.

Ó ku pákó mẹ́rin. Káfíńtà padà sídìí òòlù. Ìyá Àgbà ń di ìdí pákó mú, bàbá rẹ̀ ń kàn án, títí pákó ìkẹyìn fi wọlé. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án kí agogo méjì lù. Ó fi èjìká ti ògiri náà, kò mì. Ó gbá èérún igi jọ, ó ṣa àwọn ìṣó tó wọ́.

"Bàbá, ṣé inú ń bí yín?"

"Sí ara mi."

"Tí wọ́n bá tún ní ká wá so ilẹ̀kùn lọ́jọ́ iléèwé ńkọ́?"

"Ìbáà wó lù mí mọ́lẹ̀, iléèwé ni wàá wà."

Ó gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká. Kò dúró de alábòójútó. Ó fẹ́ wá ẹlòmíràn tí yóò máa bá a gbé apá kejì pákó, ó sì fẹ́ rí i kí ilẹ̀ tó ṣú.