Ọkọ̀ Tí Ń Rìn Lórí Ilẹ̀

Nígbà tí Ndako sọ pé oríṣi ọkọ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń rìn kiri nílùú òyìnbó, ọwọ́ Àbẹ̀ní dúró lórí òfì. Tápà ni Ndako. Ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó oníṣòwò kan létí òkun, ni ó rán an wá sí Ọ̀mù-Àrán láti pe Ọdẹ́wálé, ọkọ Àbẹ̀ní, kí ó wá fi ìgbà òjò gbafẹ́ nílùú òun. Kí ó mú ìyàwó kan dání, kí ó sì mú kíjìpá aláró, irú èyí tí ó sọ òyìnbó náà àti Ọdẹ́wálé di ọ̀rẹ́.

Ta ni ó hun kíjìpá ọ̀hún? Àbẹ̀ní ni. Ta ni ó pa á láró? Àbẹ̀ní náà ni.

“Èwo ni kí a wọ̀ níbẹ̀?” ni Ọdẹ́wálé béèrè.

“Ọkọ̀ kan ń gba orí odò,” ni Ndako wí. “Ẹṣin ń fa òmíràn. Ẹ̀kẹta ń sáré lórí irin, ó ń tu èéfín bí ilé ìdáná. Ẹ óò yan èyí tí ó bá wù yín.”

Ọdẹ́wálé mi orí. Ní Ọ̀mù-Àrán, ohun kan ṣoṣo ni à ń pè ní ọkọ̀: igi tí a gbẹ́ nínú, tí ń léfòó lórí omi.

“Ọkọ̀, ọkọ̀, ọkọ̀! Kò kúkú sí ilẹ̀ níbẹ̀.” Ó kọjú sí Àbẹ̀ní. “Ìyá Àmọ̀pé, ìwọ tí èébì gbé nígbà tí a ń sọdá odò Ọ̀sìn! Sìlífátù ni yóò bá mi lọ. Ojú omi ni ó dàgbà sí.”

Sìlífátù, ìyàwó kékeré, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ṣàárẹ́ ń bá Tápà ṣòwò létí Odò Ọya, bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyálé mi, ẹ má bínú. N óò ra dígí bọ̀ fún yín.”

“Kí n máa fi wo kí ni? Ojú ẹni tí ó jókòó sílé?”

Láti ọjọ́ náà, òwú ni Àbẹ̀ní ń hun, owú ni ń hó nínú rẹ̀. Sìlífátù lé làálì sẹ́sẹ̀, ó gún Àbẹ̀ní lọ́kàn. Sìlífátù ń kọ orin àwọn atukọ̀ nídìí omi ìwẹ̀, oúnjẹ di iyanrìn lẹ́nu ìyálé rẹ̀. Níkẹyìn, Àbẹ̀ní lọ bá Ndako nídìí ọbẹ̀.

“Ndako, ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà yẹn, ṣé ẹṣin wọn mọ omi wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni?”

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ndako. “Omi kẹ̀? Ilẹ̀ gbígbẹ ni!”

“Tí orí irin ńkọ́?”

“Ilẹ̀ náà ni. Oko lọ́tùn-ún, oko lósì.”

“Òkun ńkọ́?”

“Ìyẹn ni omi. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ tóbi ju agbo ilé yìí lọ. Èmi gan-an bì níbẹ̀, mo sì tún jẹun.”

Àbẹ̀ní fà á lọ́wọ́ dé iwájú ọkọ rẹ̀, ó ní kí ó tún un sọ. Ọdẹ́wálé gbọ́ ọ tán, ó wúkọ́.

“Ó dára. Mo ti gbọ́.”

“Ta wá ni ń lọ, Bàbá Àmọ̀pé?”

“Sìlífátù náà ni.”

Kì í ṣe ọkọ̀ ni ó gba ipò Àbẹ̀ní. Ọkọ ni. Ẹni tí ó ti yan èyí tí ó wù ú tán ni ó wá ń wá odò tí yóò di ẹ̀bi rù.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìrìn àjò, Ọdẹ́wálé wá gba kíjìpá.

“Kò tíì parí,” ni Àbẹ̀ní wí. Ó fi igi tí ó fi ń lu òwú lé e lọ́wọ́. “Ẹ fún ọlọ́kọ̀ yín, kí ó bá yín hun ìyókù.”

Ọdẹ́wálé wo Sìlífátù. Sìlífátù wo làálì ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe lọ lọ́wọ́ òfìfo nìyẹn, wọ́n sì fi ẹṣin Ọdẹ́wálé sílẹ̀, nítorí ọkọ̀ Odò Ọya kò gba ẹṣin.

Àbẹ̀ní parí aṣọ náà, ó ró o, ó tú ẹṣin ọkọ rẹ̀, ó gùn ún bí ọkùnrin. Àwọn obìnrin ké:

“Ìyá Àmọ̀pé, ó di ibo?”

“Ìlú òyìnbó!”

“Ìlú òyìnbó ọ̀nà Ẹ̀sìẹ́ tòsí yìí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ní oríta, níbi tí ọ̀nà Ṣàárẹ́ ti yà, ó fa ìjánu ẹṣin, ó sì ń wo ọ̀kánkán títí ojú fi ń ta á, bóyá yóò rí èéfín ọkọ̀ orí irin.