Òòyà Ìbídùn

Òkun dé Ṣakí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ohun tí Wúràọlá rí ni mò ń sọ. Omi náà gba ẹ̀bá àpáta wá jẹ́jẹ́, kò pariwo, kò kánjú. Ó gun àtẹ̀gùn ilé wọn dé ìkẹta, ó sì dúró síbẹ̀ bí àlejò tó ń retí kí wọ́n ní kó wọlé. Ṣakí tá a mọ̀ yìí kẹ̀, níbi tí ọyẹ́ ti ń la ètè èèyàn, tí eruku ń bo àwo tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀! Ó yẹ kí ẹ̀rù ba obìnrin náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà á. Orí ẹní ló wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń wo bí oòrùn ṣe ń tàn nínú omi, ó sì ń rò ó pé ó yẹ kí òun ti kó aṣọ tí òun sá wọlé.

Àlá ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé e sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Sọ́ńdè ni. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun àti ọkọ rẹ̀, Láoyè, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ti lò nínú ilé náà, wọ́n sì fẹ́ tà á. Àyà Láoyè ò gba ọyẹ́ mọ́. Tí eruku bá ti dé, ikọ́ á gbé e lọ gbé e bọ̀ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Dókítà ní kó wá ibi tí afẹ́fẹ́ ti tutù. Àbúrò rẹ̀ kan tó ń gbé ní Àgbádárìgì ti bá wọn rí ilé kékeré kan, kò jìn sétí òkun. Bàbá kan tó ń ta páànù fẹ́ ra ti Ṣakí, ó sì ní tí òun ò bá gbọ́ èsì títí di àárọ̀ ọ̀la, òun á ra ibòmíràn. Láoyè ti gbà. Wúràọlá ò gbà, kò sì kọ̀. Ẹrù tó bá dì láàárọ̀, á tú u nírọ̀lẹ́.

Ìdí rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ìbídùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ni ibà pa ní ọdún méje sẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ẹ sì mọ bá a ti ń ṣe é nílẹ̀ wa: bàbá àti ìyá kì í fojú kan sàréè ọmọ wọn. Àwọn ẹbí Láoyè ló gbé e lọ. Wọn ò sọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí, àwọn òbí ò sì bèèrè. Kò sí ibì kan láyé yìí tí Wúràọlá lè nawọ́ sí pé ọmọ òun nìyí, àfi ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, níbi tí Ìbídùn ti ń dirun fún àwọn obìnrin àdúgbò, tó sì ń fi ìrọ̀lẹ́ Sátidé di ti ìyá rẹ̀.

"Wọ́n ní ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ," ló sọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Tèmi kú, mo gbà. Ṣé ẹ wá fẹ́ kó nù ni? Tó bá wá mi wá síbí, tó wá jẹ́ onípáànù ló bá ńkọ́?"

"Mi ò rí èémí mí, Ìyá Ìbídùn."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí."

Láoyè dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó ń wúkọ́. Ó sì ń dun Wúràọlá lóòótọ́, torí ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, kò sì fẹ́ ṣọ̀fọ̀ ẹlòmíràn. Ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, oorun sì gbé e lọ. Ibẹ̀ ni òkun ti wá bá a.

Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ ni ẹsẹ̀ nínú omi, ṣápa, ṣápa. Ìbídùn ló ń bọ̀, ó ká ìró sókè dé orúnkún. Kì í ṣe aṣọ funfun ló wọ̀ bíi ti òkú inú ìtàn. Bùbá àǹkárá rẹ̀ àtijọ́ náà ni, èyí tó ya lábíyá, tí ìyá rẹ̀ ti ní kó má wọ̀ jáde mọ́. Iyanrìn funfun lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ pupa ni ilẹ̀ àdúgbò wọn. Ó gun orí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fa àpótí ìjókòó rẹ̀ jáde, ó jókòó.

"Màámi, ẹ sún mọ́bí."

Wúràọlá sún mọ́ ọn. Ó ti gbé ẹ̀yìn sáàárín orúnkún ọmọ rẹ̀ kó tó ráyè rò ó pé ọmọ yìí ti kú. Ara ọmọ náà ń ta sánsán òróró àgbọn. Ìgbà náà ló rí òòyà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Wúràọlá wà lọ́mọdé, ìyá ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé láyé àtijọ́, tí wọ́n bá fi òòyà ránṣẹ́ sí èèyàn, kò tún sí àlàyé mọ́: a ti yà nìyẹn, oníkálukú ní ọ̀nà tirẹ̀.

"Òòyà lo mú wá bá mi, Ìbídùn?"

"Kí ni ǹ bá mú wá? Ṣíbí?"

"Ọmọ yìí, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé o wá sọ fún mi pé a ti yà ni?"

Ìbídùn pòṣé, bó ṣe máa ń pòṣé tí oníbàárà bá ń da iṣẹ́ rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti orí ìyá rẹ̀ síwájú, ó ti òòyà bọ irun náà, ó sì fà á láti iwájú dé ìpàkọ́. Ó dun ìyá, ó sì tù ú lára.

"Màámi, tí n ò bá yà á, báwo ni mo ṣe fẹ́ dì í?"

Ó ń yà á, ó ń dì í. Omi ń lọ sókè sódò lórí àtẹ̀gùn, bí ẹni tó ń mí lójú oorun.

"Ewú yìí mà pọ̀ o. Ta ló ń bá yín dirun?"

"Kò sẹ́ni. Gèlè ni mò ń wé lé e."

"Láti ọdún méje?"

"Láti ọdún méje."

Ìbídùn fi òòyà ya ìlà mìíràn. Ìka rẹ̀ ń lọ wéréwéré.

"Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn máa bá yín dì í. Mi ò ní bínú."

"A fẹ́ ta ilé yìí, ọmọ mi."

"Mo gbọ́."

"Ṣé wàá mọ ọ̀nà?"

"Ẹ má mi orí."

Nígbà tó di ẹyọ tó gbẹ̀yìn tán, ó rọra fọwọ́ gbá ìyá rẹ̀ ní ìpàkọ́, ó ní ó parí, kó dìde. Wúràọlá ò fẹ́ dìde. Ó di orúnkún ọmọ náà mú, ó dì í mú pinpin, ó sì jí, etí ẹní ló dì mú.

Oòrùn ti yẹ̀. Òkun ti padà sílé rẹ̀, eruku pupa nìkan ló kù lórí àtẹ̀gùn. Ó gbé ọwọ́ lé orí: irun rẹ̀ rí wúruwùru, kò sẹ́ni tó dì í. Kò sunkún. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, tí n ò bá yà á, tí n ò bá yà á, títí ọ̀rọ̀ náà fi wọ̀ ọ́ lára.

Ó bá Láoyè nínú yàrá láàárín àwọn páálí, ó fọwọ́ di àyà mú. Ó jókòó tì í, ó rọ́ àlá náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọkùnrin náà ò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó parí, Láoyè sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré bíi ti ọmọdé.

"Ṣé ó bèèrè mi?"

Ọmọ náà ò dárúkọ bàbá rẹ̀ rárá. Èmi tí mò ń ròyìn mọ̀ bẹ́ẹ̀, Wúràọlá náà sì mọ̀. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀.

"Ó ní tó bá jẹ́ pé irun ṣẹ́kù lórí yín ni, òun ì bá di tiyín náà."

Láoyè gbé ọwọ́ lé orí rẹ̀ tó ti pá. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà di ikọ́, ikọ́ náà di ẹkún, ìyàwó rẹ̀ sì gbé orí rẹ̀ lé àyà, òun náà wá ń sunkún. Láti ọdún méje, wọn ò tíì jọ sunkún ọmọ yẹn rí.

Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, Wúràọlá nu ojú ọkọ rẹ̀, ó nu tirẹ̀.

"Ẹ pe onípáànù," ó ní. "Ẹ ní kó máa bọ̀."