Iná Tí Mi Ò Dá

Kò sẹ́ni tó ṣe mí, àfọwọ́fà ni. Ẹ jẹ́ kí n kúkú rò ó.

Lẹ́yìn tí ọkọ mi kú ni àbúrò mi ọkùnrin ní kí n wá máa se oúnjẹ fóun lórí òkè tóun ti ń ṣiṣẹ́. Orí òkè wo! Béèyàn bá sọ̀rọ̀ méjì níbẹ̀, á máa mí gúlegúle. Yàrá mẹ́ta olórùlé páànù, àti ọ̀pá irin kan tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ̀rọ, ibẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ̀rọ yẹn ń ka eruku tójú ò lè rí.

Àbúrò mi ní oríṣi eruku méjì ló wà: èyí tí afẹ́fẹ́ gbé wá láti ìsàlẹ̀, àtèyí tí wọ́n bí sókè níbẹ̀ gan-an. Bí èémí igi àti ilẹ̀ bá gòkè, tí oòrùn pa á, á so mọ́ra nínú afẹ́fẹ́ tútù, á di ẹyọ tín-ín-tín, á wá máa sanra títí omi á fi rí nǹkan dì mọ́, tí kùrukùru á ṣú. Ìbí yẹn ló fi ọdún mẹ́sàn-án ṣọ́. Olú iléeṣẹ́ sì ti kọ̀wé: bí ò bá rí ẹ̀rí ọjọ́ kan ṣoṣo kọ́dún tó parí, wọ́n á ti ibẹ̀ pa, kó máa lọ sílé. Ilé wo? Kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Eruku ló gbé níyàwó.

Èéfín lọ̀tá iṣẹ́ náà. Sátidé nìkan ni mò ń tan sítóòfù, màá se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀. Ọjọ́ tó kù, a ń jẹ ẹ́ ní tútù. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, èmi ló ń kọ ìwé iná: ọjọ́ tí mo dáná, aago tí mo dá a. Ọjọ́ tó bá ti wà níbẹ̀, wọ́n á pa iṣẹ́ ẹ̀rọ ọjọ́ náà rẹ́.

Ṣùgbọ́n òtútù àárọ̀ ibẹ̀ kì í jẹ́ kí ìka mi lè di gègé mú. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè ni mo ti máa ń kọ ti Sátidé sílẹ̀: “Sítóòfù, aago mẹ́fà.” Aago mẹ́fà náà ni mo sì ń tàn án. Kí ló burú ńbẹ̀? Mi ò sọ fún àbúrò mi, kò sì bi mí.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gbé ike kẹrosíìnì, ó fúyẹ́. Òfìfo! Mo ṣépè fún aláàárù tí ò gbé òmíràn wá, a jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, mo padà sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ohun tí mo ti kọ sínú ìwé nírọ̀lẹ́ àná ò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn.

Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀, àbúrò mi figbe ta. “Ìyá Sítóòfù!” bó ṣe máa ń fi mí ṣeré nìyẹn. “Wọ́n ti bí i! Ẹ wá wò ó!” Lójú ẹ̀rọ, àwọ̀ pupa kan yọ nísàlẹ̀, ó ń tẹ̀ gòkè bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Eruku náà ń dàgbà lójú wa kòrókòró. Ọkùnrin ẹni ọgọ́ta ọdún ń fò bí ọmọ ewúrẹ́, omijé ń bọ́ lójú ẹ̀. Mo bá a jó. Èmi tí mò ń jó, mo mọ nǹkan kan?

Olùyẹ̀wò dé láti olú iléeṣẹ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ó wo àwòrán náà títí, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ṣí ìwé iná.

“Mà, ẹ dáná lọ́jọ́ yìí.”

“Rárá o! Kẹrosíìnì tán lọ́jọ́ náà.”

“Ta ló wá kọ èyí?”

“Èmi ni. Ọjọ́ tó ṣáájú ni mo kọ ọ́.”

Ó gbójú sókè. “Mélòó lẹ kọ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí, mà?”

Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Bí mo bá ní ẹyọ kan ni, irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó lè yọ ọmọ ìyá mi. Mo ṣíjú wo àbúrò mi níbi tó jókòó sí. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, mi ò purọ́ lójú ẹ̀ rí.

“Gbogbo ẹ̀ ni,” mo ní.

Olùyẹ̀wò pa ìwé dé jẹ́ẹ́. “Ìwé tó bá ní iná tí ò jó, ó lè fi èyí tó jó pamọ́. Ọ̀gá, ẹ má bínú. A ò lè gba ọdún kankan níbẹ̀.”

Ọdún mẹ́sàn-án! Mo ní kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì, kò là.

Nígbà tó lọ tán, àbúrò mi dìde wá bá mi. “Ṣé òtútù ni?”

“Òtútù ni.”

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi wọ̀ mí lọ́kọ̀ọ̀kan. “Ẹ ò bá ti sọ fún mi, ẹ̀gbọ́n mi,” ló wí, ó wá kọjú sí ẹ̀rọ, ó pa á.

Ì bá bú mi, ì bá sàn fún mi.