Òkè Tí Ọkọ̀ Bàbá Kì Í Gùn Tán

"Bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kì í ṣe ìdérí ìkòkò." Ọ̀rọ̀ tí bàbá Aránṣọ sọ fún un nìyẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, tó sì gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára ọkọ̀. Láti ọjọ́ náà, ọmọkùnrin mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì lọ́wọ́ bàbá yìí. Àwọn kan nínú wọn ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì nígbà tí wọ́n dé. Bàbá kọ́ gbogbo wọn, wọ́n sì di ọ̀gá. Ọmọbìnrin tó bí nínú ara rẹ̀ ni kò rí kọ́. Ó ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́, kó wá ibi tó mọ́ jókòó sí. Ọmọ lọ, ó kọ́ ọ, ó mọ̀ ọ́n débi pé àdúgbò gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, Aránṣọ ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ó ti lé lọ́mọ ogójì ọdún báyìí, àmọ́ inú tó bí i lọ́jọ́ náà kò tíì rọ̀.

Ọkọ̀ ọ̀hún ṣì wà nínú ọgbà. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, aláwọ̀ ewé, iwájú rẹ̀ gùn gbọọrọ, iná rẹ̀ méjèèjì rí roboto bí ojú ẹni tí wọ́n jí lójijì. Ó dàgbà ju Aránṣọ lọ. Ó lẹ́wà, irọ́ ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní àrùn kan tí gbogbo ilé mọ̀: kì í gun òkè ilé-omi láìhó. Òkè náà ló wà láàárín ilé wọn àti ìgboro. Tí wọ́n bá ti dé kọ́nà tó wà ní ìdajì rẹ̀, èéfín á bẹ̀rẹ̀ sí í rú, Bàbá á páàkì, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, á dúró títí yóò fi tutù, á wá da omi sí i. Àwọn ọmọ á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á jókòó sórí òkúta. Orí òkúta yẹn ni ẹ̀gbọ́n Aránṣọ ti há ìṣirò sórí. "Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn," ni Bàbá máa ń wí. "Ooru ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀." Wọ́n gbà á gbọ́. Ta ni yóò bá ọ̀gá àwọn ọ̀gá jiyàn?

Nígbà tí orúnkún Bàbá kọ̀ tí kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́, ọkọ̀ dúró sójú kan fún ọdún mẹ́ta. Lọ́jọ́ kan, Bàbá pe onírin, ọkùnrin tó máa ń ra ògbólógbòó ọkọ̀ tó sì ń fi iná gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Wọ́n fi àdéhùn sí Sátidé ọ̀sẹ̀ kejì. Aránṣọ gbọ́, ó fi aṣọ oníbàárà sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ó kọjá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá.

"Bàbá, ẹ má tà á. Ẹ fún mi."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé o fẹ́ máa sá aṣọ lé e lórí ni?"

Gíga wà níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Bàbá kọ́, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tóbi jù ní gbogbo òpópónà wọn báyìí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Àbúrò, èyí kì í ṣe ẹ̀rọ ìránṣọ o."

Ẹ̀rín Gíga ló gún Bàbá ní kẹ́sẹ́. Ó na ìka sí òkè ilé-omi tó ń wò wọ́n lọ́ọ̀ọ́kán. "Ó dáa. Tí ọkọ̀ yẹn bá gun òkè yẹn láìdúró kí onírin tó gbé e lọ, tìrẹ ni. Gíga ni ẹlẹ́rìí."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Aránṣọ wí. "Ẹ má yí i padà o."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ ṣòkòtò ọkọ rẹ̀ tó ti gbó, ó sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Kò sí owó tí yóò fi ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ tuntun, ẹni tó bá sì ní kó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù Gíga fẹ́ kó gba ìyà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó wà nílé ló kó jọ: kẹrosíìnì, ọṣẹ ìfọṣọ, àkísà láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, àti gbogbo búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó nínú ilé. Èyí tí kò gbó tó, ó ní ó ti gbó. Ọ̀rá tó dì mọ́ ẹ́ńjìnnì náà nípọn débi pé ènìyàn lè gbin àgbàdo sí i. Ó ń da kẹrosíìnì sí i, ó ń fi ọ̀bẹ ìjẹun há a, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ kọ́lọ́fín rẹ̀. Kò jẹ́ yọ wáyà kan láìkọ́kọ́ so òwú aláwọ̀ kan mọ́ orí rẹ̀ méjèèjì, pupa mọ́ pupa, àyìnrín mọ́ àyìnrín, kó má bàa ṣì í dá padà. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ ti sán, ó fi téèpù dúdú yí i ká bí ẹni ń yí etí aṣọ.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá di ìwé ìròyìn mú. Ìwé ìròyìn náà ti lé lọ́dún kan.

"Má fọwọ́ kan ibẹ̀ yẹn o!"

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá," ni Aránṣọ á wí, á sì fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ kẹrin ló kan ẹ̀yìn rédíétọ̀, tó dojú kọ fáànù. Bí ìdọ̀tí ṣe ń ṣí, ihò bóòtù mẹ́rin yọ, méjì lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì. Kò sí bóòtù nínú wọn. Àmọ́ yíká ihò kọ̀ọ̀kan, ọ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ ṣì ń dán, ó mọ́ roboto. Ẹlòmíì ì bá fọ̀ ọ́ kọjá. Ẹni tó ti ń tú aṣọ aláṣọ fún ogún ọdún kò lè fọ̀ ọ́ kọjá. Bí a bá tú ojú rírán, ihò abẹ́rẹ́ á ṣẹ́ kù, aṣọ abẹ́ rẹ̀ á sì mọ́ ju ìyókù lọ. Wọ́n ti rán nǹkan kan mọ́ ibí yìí rí, ẹnì kan sì tú u.

Ó pe ìyá rẹ̀ láti ẹ̀yìnkùlé. "Ìyá, kí ló wà níbí tẹ́lẹ̀?"

Ìyá wo ibẹ̀, ó wo fáànù, ó pàtẹ́wọ́. "Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé kì í ṣe páànù roboto tí mo fi ṣọgbà yí ìdí òdòdó mi ká? Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ ni mo ti rí i he. O ṣì kéré nígbà náà. Ó ti tó ọdún méjìlélọ́gbọ̀n."

"Ìyá, kí ẹ tó fi gbin òdòdó, ṣé ọkọ̀ yìí máa ń hó lórí òkè?"

Ìyá ronú. "Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ mi, bí ewúrẹ́ ló ṣe máa ń gun òkè yẹn." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọmọ mi, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Lọ mú ọkọ́ wá."

Wọ́n jọ wú u jáde. Ìbòrí fáànù ni lóòótọ́, páànù fẹ̀ẹ̀rẹ̀ tó ní ihò ńlá láàárín, tí ìpẹta ti jẹ etí rẹ̀ kan tán. Aránṣọ gé agolo epo ẹ́ńjìnnì, ó fi ìṣó àti òòlù lu ihò sí i lẹ́sẹẹsẹ, ó sì fi wáyà tín-ínrín rán an mọ́ ibi tó jẹ, ojú rírán méjì-méjì. Ó fi sáńdípépà ha ìpẹta kúrò, ó kun ún ní ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹta, ó tún fi ọ̀dà dúdú tó ṣẹ́ kù lára géètì kun ún lé e lórí. Ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kan náà kun gbogbo inú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ wò ó, ó dán.

Ó yá bátìrì lọ́wọ́ aládùúgbò kan. Ó fọ àwọn pulọ́ọ̀gì, ó fa epo tó ti bàjẹ́ dànù, ó rọ tuntun díẹ̀. Ẹ́ńjìnnì húkọ́, ó kú, ó tún húkọ́, ó wá dáhùn. Aránṣọ kígbe, ojú ò tì í. Lẹ́yìn náà, ó mú pépà tó fi ń gé àwòṣe aṣọ, ó fi lé iwájú rédíétọ̀. Àárín nìkan ni atẹ́gùn fà mọ́ra, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó de ìbòrí mọ́ àyè rẹ̀, ó tún dáná sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, pépà lẹ̀ mọ́ ọn látòkè délẹ̀, tigun-tigun. Láti ọdún méjìlélọ́gbọ̀n wá, dípò kí fáànù máa fa atẹ́gùn tútù gba inú rédíétọ̀, ooru ara ẹ́ńjìnnì ló ń pò kiri.

Bàbá ti dìde. Ó gbàgbé pé orúnkún ń dùn ún.

"Níbo lo ti rí nǹkan yẹn?"

"Nídìí òdòdó, Bàbá."

"Yọ ọ́. Èmi ni mo yọ ọ́, kí ẹ́ńjìnnì lè máa mí."

"Mímí yẹn ló ń mú un hó."

"Ṣé ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́? Yọ ọ́, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ!"

Ẹ̀rù ba Aránṣọ. Kò tíì gbó bàbá rẹ̀ lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí. Àmọ́ ó gbé sípánà sẹ́yìn bí ọmọdé tí kò fẹ́ fi ohun ìṣeré sílẹ̀. "Bàbá, mi ò ní yọ ọ́. Lójú ẹlẹ́rìí lẹ sọ̀rọ̀ náà."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹlẹ́rìí fúnra rẹ̀ wá ṣe yẹ̀yẹ́. Bó ṣe rí ìbòrí, ó gbé ọwọ́ lérí. "Háà, àbúrò! Yíyọ là ń yọ ìyẹn. Ohun àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá kọ́ wa ni. Ọkọ̀ tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi, màá ti yọ ọ́ kí n tó bi onítọ̀hún pé kí ló ń ṣe é."

Aránṣọ wò ó. Ó rántí kọ́nà òkè ilé-omi, bí kì í ṣe ṣófo, tí ọkọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin máa ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ lójoojúmọ́, tí àwọn onímọ́tò á máa sọ pé òkè yẹn le. Òkè ò le. Ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti kọ́ irọ́ kan náà lọ sílé oníkálukú. Inú bí i, ó sì tún fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Sátidé pé. Onírin dé pẹ̀lú sílíńdà iná rẹ̀. Gíga àti àwọn bíi mélòó kan nínú ọmọ iṣẹ́ àtijọ́ ti lọ dúró lórí òkè láti wòran. Bàbá ní òun á jókòó sínú ọkọ̀ náà, kí wọ́n má bàa ṣe màgòmágó.

Wọ́n gbéra. Ní ìdí òkè, Aránṣọ fi í sí jíà kejì. Kọ́nà yọ, ọkọ̀ méjì ti wà níbẹ̀ tí èéfín ń rú lára wọn. Abẹ́rẹ́ tó ń ka ooru wà láàárín gbungbun.

"Páàkì," ni Bàbá wí.

"Rárá, Bàbá."

"Mo ní kó o páàkì! Wàá jó ẹ́ńjìnnì!"

"Ẹ wo abẹ́rẹ́, ẹ má wo kọ́nà."

Bàbá wo abẹ́rẹ́. Ó wò ó títí wọ́n fi kọjá àwọn ọkọ̀ méjèèjì, títí wọ́n fi kọjá òkúta ńlá, títí ojú ọ̀nà fi tẹ́jú.

Lórí òkè, ariwo sọ. Bàbá sọ̀kalẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ẹ rí i? Ṣé mi ò ti ń sọ fún yín pé ọkọ̀ mi ò lẹ́gbẹ́?" Ó yí gba iwájú wá sọ́dọ̀ Aránṣọ, ó tẹ́wọ́ fún kọ́kọ́rọ́. "Bọ́ọ́lẹ̀, kí n wà á dé ìsàlẹ̀ fún wọn."

Aránṣọ kò sọ̀kalẹ̀.

"Ó ti gun òkè, Bàbá. Tèmi ni. Ẹ sọ ohun tó mú un gùn ún fún wọn."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o fẹ́ dójú tì mí lójú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́ ni?"

"Àwọn èèyàn wà ní kọ́nà nísàlẹ̀ yẹn tí wọ́n ń da omi sọ́kọ̀, Bàbá. Àwọn ọmọ tí ẹ kọ́ níṣẹ́ ló tún un ṣe fún wọn. Mi ò ní gbéra níbí àfi tí ẹ bá sọ ọ́."

Oòrùn mú. Bàbá mú ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn. Ó yíjú sí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìbòrí fáànù yẹn. Kì í ṣe torí kí ẹ́ńjìnnì lè mí. Mo fẹ́ pààrọ̀ bẹ́lìtì, ọwọ́ mi ò wọlé, mo yọ ọ́, mo ní màá dá a padà lọ́jọ́ kejì. Mo gbàgbé. Nígbà tí Gíga bi mí ìdí tí mo fi yọ ọ́, ojú tì mí láti sọ pé mo gbàgbé."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Onírin, tó tẹ̀ lé wọn wá, rọra yí ọkọ̀ rẹ̀ padà. Bàbá yí gba iwájú padà, ó ń ti ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó jókòó sí àyè èrò.

Gíga wá sí fèrèsé Aránṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́," ni ó wí, "etí ìbòrí fáànù tí ìpẹta ti jẹ yẹn, báwo lẹ ṣe rán an? Èyí tí mo ti yọ dànù pọ̀. Ẹ wá kọ́ mi."

"Ẹ ní ọmọbìnrin mẹ́ta nílé, Bọ̀dá Gíga," ni Aránṣọ dáhùn. Ó ti fi ọkọ̀ sí jíà. "Ẹ mú èyí tó bá wù ú nínú wọn wá lọ́jọ́ Ajé. Òun ni màá kọ́. Tó bá délé, á kọ́ yín."