Ogójì Àga fún Ìgbìmọ̀ Tí Kò Ríbi Jókòó

Nígbà tí ọjà dá páropáro, àwọn tó ń kan àga ló kọ́kọ́ mọ̀. Ebi kì í jẹ́ kéèyàn ra àga. Ẹni tí ẹsẹ̀ àga ẹ̀ bá kán á fi bíríkì gbé e. Tí ò bá sí bíríkì, á kọ́ bí wọ́n ṣe ń lóṣòó. Ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà àti àbúrò ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìṣó, eruku nìkan ló kù ní oníbàárà. Á wọlé láàárọ̀, á jókòó sórí àga tó bá wù ú, kò ní sanwó, kò sì ní lọ.

Ìyàwó Káfíńtà ló ń fi sánpépà ha àga, òun náà ló ń kùn wọ́n ní fáníìṣì. Òun sì ni onílé pè sẹ́yìn ògiri, tó sọ fún un pé bí owó iṣẹ́ ò bá wọlé kí oṣù tó parí, òun á gba ṣọ́ọ̀bù òun, òun á fi sin adìẹ. "Adìẹ ò ní sọ fún mi pé ọjà ò tà, ìyàwó," ló wí. Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà sì ni ilé wọn. Ẹ̀yìn pákó ni àwọn ọmọ ẹ̀ méjèèjì ń sùn. Obìnrin náà gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì bí ẹni gbé eegun mì, kò sọ fún ẹnì kankan.

Ta ni ì bá tiẹ̀ sọ fún? Àwọn ọkùnrin ti rí iṣẹ́ tiwọn: ìjà. Rédíò ló dá a sílẹ̀. Rédíò ní ìjọba ò tíì mọ èyí tí òun máa ṣe kí ọrọ̀ ajé lè dìde, bóyá kí òun dín owó orí kù ni, àbí kí òun kówó síta kí òun máa gbéṣẹ́ fáwọn èèyàn. Káfíńtà ní kí wọ́n dín owó orí kù, ẹni tí wọn ò bá tọwọ́ bọ àpò ẹ̀ á rí nǹkan fi rajà. Ìṣó ní àpò wo, àpò tí eku ti bímọ sí? Ó ní kí ìjọba náwó ni. Káfíńtà ní owó ta ni, ṣebí tiwa tí wọ́n gbà náà ni. Ìjọba tiẹ̀ kọ́kọ́ fi àga dán an wò, wọ́n mú owó orí kúrò lórí ẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni Káfíńtà fi ń yọ̀, pé òun ò ní san kọ́bọ̀ mọ́ lórí àga tí òun ò tà. Ìṣó fi í rẹ́rìn-ín títí ìjà fi dé. Wọ́n bú orí ara wọn, wọ́n bú ìwà ara wọn, wọ́n bú ìyá ara wọn. Ìgbà yẹn ni wọ́n rántí pé ìyá kan náà ni. Wọ́n dákẹ́ lọ gbári, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ayùn wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, òòlù wà lọ́dọ̀ àbúrò, ìyàwó wá di ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Tí Ìṣó bá ń fẹ́ ayùn, á ní, "Ìyàwó wa, ẹ bá mi bẹ onídínkù yẹn." Káfíńtà á ní kó sọ fún onínàákúnàá yẹn pé kò sí.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá pani lẹ́rìn-ín, àfi òfin kan tó wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Bàbá wọn tó kọ́ wọn níṣẹ́ ló fi lélẹ̀: àga kankan ò gbọdọ̀ jáde àfi tí ọmọ ìyá méjèèjì bá jọ jókòó lé e, ìdí kan lọ́tùn-ún, ìdí kan lósì, kí wọ́n jì í síwá sẹ́yìn kó má dún. "Àga tí ò lè gbé ọmọ ìyá méjì, aláìsàn ni," ni bàbá náà máa ń wí. Nígbà tówó wà nílùú, ọ̀nà jíjìn làwọn èèyàn ti ń wá ra àga wọn nítorí òfin yìí. Wọn ò rú u rí.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni òṣìṣẹ́ ìjọba kan yọ, ó wọ táì tó gùn dé ibi tí ò yẹ kí táì dé. Ó ní ìjọba ti yan ogójì èèyàn sí ìgbìmọ̀ tó máa pinnu bóyá kí wọ́n dín owó orí kù ni àbí kí wọ́n náwó. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì lè jókòó sọ ọ́, torí kò sí àga ní ọ́fíìsì. Alága pàápàá, ògiri ló ń fẹ̀yìn tì. Ó ní kí wọ́n kan ogójì àga kí oṣù tó parí, àwọn á sanwó lójú ẹsẹ̀.

Inú ìyàwó dùn débi pé ó gbàgbé láti mí. Kò tíì rántí tí Ìṣó fi ní, "Ìyàwó wa, ẹ sọ fún un pé ìjọba ti náwó, iṣẹ́ sì ti dé. Ojú ẹ̀ ti já a báyìí." Káfíńtà náà ní kó sọ fún un pé owó orí tí wọ́n mú kúrò ló jẹ́ káwọn lè pe iye tí ọkùnrin náà gbà.

Wọ́n ṣáà kàn án, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ìyàwó ha pákó títí ìlà àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ fi pa rẹ́. Ó ku ọ̀la tí wọ́n máa gbé àga lọ, ogójì ti pé, ó rẹwà, ó ń dán. Ó wá ku ìjókòó.

Káfíńtà ní òun ò ní bá a jókòó àfi tó bá gbà pé owó orí ni. Ìṣó ní òun ò ní jókòó àfi tó bá gbà pé ìnáwó ni. Obìnrin náà ní kí òun àti àwọn ọmọ jókòó lé e dípò wọn. Wọ́n ní òun kì í ṣe ọmọ ìyá àwọn. Ó ní kí wọ́n kúkú gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ kọjú sí i, wọ́n ní ṣé ó fẹ́ ba iṣẹ́ bàbá àwọn jẹ́ ni. Látìgbà tí ìjà ti dé, ibẹ̀ nìkan ni ohùn wọn ti ṣọ̀kan.

Obìnrin náà tú ìró ẹ̀ kan jáde, ó fi okùn ta á sí àárín àga àkọ́kọ́, kí wọ́n má baà rí ojú ara wọn. Wọ́n gbà. Wọ́n rọra jókòó, ìdí kan níhà ìhín, ìdí kan níhà ọ̀hún. Wọ́n jì í. Kò dún. Ọkàn obìnrin náà balẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Sọ fún un pé kò dún," ni Káfíńtà wí láti ẹ̀yìn aṣọ. "Owó orí tí mi ò san ni mo fi ra pákó tó dáa."

"Ẹ sọ fún un pé tí ìjọba ò bá ra àga, orí pákó tó dáa yẹn ni wọ́n máa tẹ́ ẹ sí tó bá kú."

Káfíńtà bínú dìde. Gbogbo ara Ìṣó wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, òun àti ìró àti àga ṣubú, ẹsẹ̀ àga kan kán. Káfíńtà ní ẹ wá wo ohun tí ìnáwó fọ́. Ìṣó ò tíì jáde nínú aṣọ tó fi ń pariwo pé dínkù ló fọ́ ọ, ó dín ìdí kan kù lórí àga.

Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, bí owó àga yìí ò bá wọlé, ọ̀la ni onílé ń bọ̀ wá lé wa jáde. Ọkọ mi kékeré, ẹ̀yin náà gbọ́. Lọ́la."

Wọ́n wò ó. Ó rò pé ó ti wọ̀ wọ́n lára.

"Tí wọ́n bá ti dín owó orí onílé yẹn kù ni," Káfíńtà wí.

"Tí ìjọba bá ti kọ́lé fáwọn èèyàn ni," Ìṣó wí.

Ilẹ̀ mọ́, obìnrin náà háyà ọmọlàńkẹ́, ó kó àwọn àga tó kù sínú ẹ̀, láìsí pé ọmọ ìyá kankan jókòó lé e, ó tì í lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Iwájú ìlẹ̀kùn ló ti pàdé oní-táì. Ọkùnrin náà ní ìgbìmọ̀ ti parí iṣẹ́ ẹ̀ lórí ìdúró, láàárọ̀ kùtù, torí ẹsẹ̀ ń dun gbogbo wọn. "Wọ́n ní kí wọ́n sún ọ̀rọ̀ náà síwájú, mádàámù, títí dìgbà tí ọrọ̀ ajé bá dìde." Ó ní àwọn ò nílò àga mọ́, ó kú làálàá.

Oníbúrẹ́dì tó wà ní ìkóríta nìkan ló dá a dúró lọ́nà. Igi ìdáná ló ń wá. Ó ní òun ò lówó, ṣùgbọ́n yàrá kékeré kan wà lẹ́yìn ààrò, tó bá máa kó àwọn igi wọ̀nyí sílẹ̀, tó sì máa bá òun koná, kó kó àwọn ọmọ ẹ̀ wá. Ó lọ kó wọn. Adìẹ ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù nígbà tó débẹ̀, ọkọ ẹ̀ àti àbúrò ọkọ ẹ̀ sì wà níta láàárín ẹrù, wọ́n ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí. Wọ́n ń jiyàn lórí adìẹ, bóyá ó yẹ kó máa san owó orí. Wọn ò rí i tó kọjá.

Oníbúrẹ́dì fi àáké lu àga àkọ́kọ́ títí òógùn fi bò ó, àga ò yẹ̀. Ó ń ṣépè fún ẹni tó kàn án. Obìnrin náà gba àáké lọ́wọ́ ẹ̀, torí òun ló mọ ibi tí wọ́n ti fi gúlúù lẹ̀ ẹ́. Ó là á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kì í bọ iná. Búrẹ́dì ọjọ́ yẹn ń rùn fáníìṣì. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́, wọ́n tún tọrọ sí i.